Ààwẹ̀ Tí Ọmọ Mi Gbà Wọnú Òkun

Alihamudulilahi! Ẹ tún bá mi wí i kó dún dé títì: Alihamudulilahi! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi nínú Àsàlátù wa ní Fate níbí, ọpẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Bí mo bá sunkún láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sun ún. Ẹkún ayọ̀ ni.

Gbogbo yín lẹ mọ Rúkà, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́hun fún èmi àti bàbá rẹ̀. Yunifásítì tó wà lápá Tanke ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja àti ẹranko inú omi. Nígbà tó ṣe tán, iṣẹ́ wo ló lọ gbà? Ó ní Íjíbítì lòun ń lọ, létí Òkun Pupa, òun á máa mú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ wo ẹranko! Mo ní, "Rúkà, àwa ará Ìlọrin, níbo la ti mọ òkun?" Ẹ̀rín ló fi mí rín. Wọ́n á gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n, wọ́n á ki rọ́bà rẹ̀ bọ ẹnu, wọ́n á sì rì lọ sísàlẹ̀. Ó máa ń fi fídíò ránṣẹ́ sí wa. Ìjàpá òkun tó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò ìnáwó, tó ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi! Lọ́jọ́ kan ó fi ẹranko ńlá kan hàn wá tó ń jẹ koríko nísàlẹ̀ omi, ó ní màlúù òkun ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀, tí bàbá tiẹ̀ jẹ́ Fúlàní darandaran, tẹjú mọ́ fóònù títí. Ó ní, "Ta ló wá ń dà á?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ó kúkú pa àwa náà lẹ́rìn-ín.

Mo máa ń gbààwẹ̀ Àlàmísì nítorí ọmọ yìí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, kí ló tún ní? Àdúà ni, ààwẹ̀ ni. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Rúkà náà ti ń gbà á lọ́hùn-ún. Ó ní kò yẹ kí ebi máa pa ìyá òun nítorí òun, kí òun sì máa jẹun. Kò sọ fún mi, kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀ òkun kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi gbẹ lára rẹ̀, oòrùn ibẹ̀ sì le.

Subuhanalahi! Àlàmísì kan, mo wà ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, fóònù mi dún. Ọkùnrin kan ni, ó ní òun ni ọ̀gá Rúkà. Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ó ti jáde nínú omi, ó sì ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó ní òun ò mọ ẹsẹ̀ òun lára mọ́."

Ẹsẹ̀ ọmọ mi! Ẹsẹ̀ tí mo fi òrí pa láti kékeré! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí láàárín àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n pe bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Post Office. Ọ̀kadà ló gùn dé, fìlà ti bọ́ lórí rẹ̀, kò mọ̀.

Dókítà tí wọ́n gbé Rúkà lọ bá ló tún pè wá lórí fídíò, tí a jọ ń rí ojú ara wa. Ará Íjíbítì ni, Mùsùlùmí bíi tiwa. Ó ní afẹ́fẹ́ tí Rúkà mí sínú nísàlẹ̀ omi ló ń hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí mínírà. Ó ní àwọn fẹ́ gbé e sínú àgbá irin ńlá kan tí wọ́n fi ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Bàbá Rúkà bi í pé, "Dókítà, ṣé ó máa rìn?"

Dókítà ní, "Àlájì, mi ò lè ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ara rẹ̀ ti gbẹ. A ti ń fa omi sí i lára, mo tún fẹ́ kó máa mu ún, ó kọ̀. Ó ní òun ń gbààwẹ̀."

Mo ní, "Ààwẹ̀ kẹ̀?"

Wọ́n gbé fóònù síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú, iyọ̀ òkun ti gbẹ sí i létè. Mo ní, "Rúkà, ọmọ mi, mu omi."

Ó ní, "Mọ́mì, Alásárì ti lọ. Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Ẹ̀yin náà ò tíì ṣínu."

Dókítà ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kó jẹ, kó mu. Arìnrìn-àjò tún ni ọ́."

Kò gbà! Ilé bàbá rẹ̀ ló ti jogún orí kunkun, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Mọ́mì, bí mo bá já a lónìí, tí ẹsẹ̀ mi ò wá padà bọ̀ sípò mọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ike omi tíṣà kan wà lórí tábìlì, mo gbé e. Mo ní, "Rúkà, wò mí. Bisimilahi." Mo mu ún lójú rẹ̀, omi ń dà sí mi láyà. Mo ní, "Mo ti ṣínu. Ọlọ́hun ń wò mí. Tìẹ dà?"

Rúkà ní, "Bisimilahi, Mọ́mì." Ó gba ife lọ́wọ́ dókítà, ó mu ún tán, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn fún òun. Wọ́n wá tì í lọ sínú àgbá náà.

Bàbá rẹ̀ kọjú sí gábàsì níbẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹ̀rù bà mí, mo fọwọ́ kàn án.

Kò yá o. Wọ́n ń gbé e wọlé, wọ́n ń gbé e jáde, ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́. Ó wá di ọjọ́ kan, Rúkà ní ó ń ṣe òun bíi pé èèrà ń rìn lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun. Alahu Akibaru! Ta ló ti dúpẹ́ nítorí èèrà rí? Èmi dúpẹ́. Nígbà tó yá, ó mọ orúnkún rẹ̀ lára. Lẹ́yìn náà dókítà pè, ó ní, "Màmá, ẹ wo ọmọ yín." Rúkà di ògiri mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ìgbà tó kọ́kọ́ rìn nílé wa. Dókítà, Ọlọ́hun á tọ́jú ọmọ tìrẹ náà!

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ rẹ le níbí, tó o ń rò pé ìjọ́sìn rẹ ò tó ló jẹ́ kí wàhálà rẹ pẹ́, gbé èrò yẹn kúrò lọ́kàn. Aláàánú ni Ọlọ́hun. Bó bá rẹ̀ ọ́, jókòó. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, mu omi. Kò ní torí ìyẹn já ọ sílẹ̀.

Rúkà ní bí dókítà bá ti gbà fún òun, òun máa padà sínú òkun. Ẹ má ṣe háà! Èmi náà ti ṣe háà. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́hun dá ẹsẹ̀ padà fún, ṣé èmi ni màá wá so ó mọ́lẹ̀? Àdúà ni kẹ́ ẹ bá mi fi sin ín.

Rúkà, dìde níbi tó o jókòó sí lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Máa bọ̀ níwájú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yà fún un lọ́nà. Rárá, ẹ má dì í mú. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa dá rìn bọ̀. Alihamudulilahi!