Bàbá Ò Wọkọ̀ Mọ́ Nítorí Ẹja

[Fóònù ń dún lápò Xiang Ruolan nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e láti Chongqing lọ sí Wanzhou, níbi tí iṣẹ́ rán an lọ. Ìyá rẹ̀, Tan Fengying, ló ń pè láti ilé ní Wushan. Ojú irin náà kò mọ̀ ju kó wọ ihò inú òkè, kó jáde, kó tún wọ òmíì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, àfi kó ní sùúrù.]

RUOLAN: Hẹ̀lóò? Màámi, ẹ káàárọ̀ o.

ÌYÁ: Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?

RUOLAN: Mo ti jẹun, mà. Ẹ̀yin ńkọ́? Bàbá ńkọ́?

ÌYÁ: Kí lo jẹ?

RUOLAN: Núdù aláta. Mo ní Bàbá ńkọ́?

ÌYÁ: Núdù nìkan? Abájọ tí ọrùn ẹ fi rí bíi ti lékeléke. Gbọ́, ata tí mo rẹ sínú iyọ̀ yẹn, ìgò mélòó ni kí n kó wọnú ọkọ̀ ojú omi?

RUOLAN: Ẹ má kó ìgò ata kankan, mà. Ọkọ̀ náà ló máa bọ́ wa. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́.

ÌYÁ: Àwọn tó ń se oúnjẹ ọ̀ọ́dúnrún èèyàn pa pọ̀, oúnjẹ wo ni wọ́n ń sè? Omi gbígbóná ni. Mo ti di ìgò mẹ́rin.

RUOLAN: Àwọn Hao, òbí Jiming ọkọ mi, ò lè jẹ ata. Ará Shanxi ni wọ́n.

ÌYÁ: Mo mọ̀. Àwọn tó ń bu fínígà sóúnjẹ bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ó dáa, ìgò mẹ́ta. Torí àna ni o. Àbí—

[Ọkọ̀ wọ ihò òkè. Ariwo bí afẹ́fẹ́ nínú ìkòkò.]

ÌYÁ: —ìlà — Ìyá Pang — pupa ni mo—

RUOLAN: Màámi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ: —kọ́kọ́rọ́! Ṣé o gbọ́ mi?

RUOLAN: Mi ò gbọ́, mà. Ihò òkè ni. A ti jáde.

ÌYÁ: Mo ní Ìyá Pang tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Wushan lọ bá yín ní Chongqing, ká tún wá wọ ọkọ̀ ojú omi kó gbé wa padà wá kọjá níwájú ilé ara wa! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́ẹ̀ já bọ́ lórí àga. Ó ní tá a bá ń kọjá, kí n ju kọ́kọ́rọ́ sóun láti ojú omi, òun á bá mi bomi rin òdòdó.

RUOLAN: [Ẹ̀rín] Torí àwọn àna yín ni. Wọn ò rí odò tó gba àárín òkè kọjá báyẹn rí.

ÌYÁ: Mi ò ráhùn. Mo ti ra fìlà pupa. Ehn, yàrá tó o gbà fún wa nínú ọkọ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà níbẹ̀, àbí?

RUOLAN: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ: Téèyàn bá sún méjèèjì pọ̀, ṣé ẹnì kan lè nà gbalaja sórí ẹ̀?

RUOLAN: Ẹnì kan bíi ta?

ÌYÁ: Mo kàn ń béèrè ni.

RUOLAN: Màámi.

ÌYÁ: Fìlà náà ní okùn, atẹ́gùn ò lè—

RUOLAN: Màámi! Ta ni ò lọ mọ́?

[Abọ́ ń lu abọ́. Ẹni tó ń fọ̀ wọ́n ń wá ohun tó máa sọ.]

ÌYÁ: Mi ò sọ pé ẹnì kan ò lọ o. Bàbá ẹ kàn tú báàgì ẹ̀ ni. Ó kó àwọn ṣòkòtò padà sínú àpótí.

RUOLAN: Látìgbà wo?

ÌYÁ: Látọjọ́ Àìkú tí ọkọ ẹ wá jẹun níbí.

RUOLAN: Ẹ sọ fún mi pé inú Bàbá dùn! Jiming ní wọ́n bu ọtí fóun lẹ́ẹ̀mejì.

ÌYÁ: Ó bu ọtí. Ìyẹn ṣáájú ẹja.

RUOLAN: Ẹja wo?

ÌYÁ: Ọkọ ẹ yí ẹja dà.

RUOLAN: Yéè.

ÌYÁ: Odidi ẹja, mo yan án, mo fi ata bò ó mọ́lẹ̀. A jẹ ẹ̀gbẹ́ kan tán. Mo ní kí n lọ bu ìrẹsì. Kí n tó yíjú padà, ọmọ Hao ti ki igi ìjẹun bọ abẹ́ ẹja, ó yí i gbirigidi! Ó mú ibi tó sanra jù, ó fi sínú abọ́ bàbá ẹ. Ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣe dáadáa.

RUOLAN: Ó fẹ́ fi bọ̀wọ̀ fún wọn ni!

ÌYÁ: Ṣé èmi ò mọ̀ ni? Àlejò lójú, kò fi ríran. Níbi tí wọ́n bí i sí, eruku ló ń ṣàn, kì í ṣe omi. Ta ló máa sọ fún un pé nílé atukọ̀ bíi tiwa, eegun la máa ń yọ kúrò ká tó jẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, pé ẹni tó bá yí ẹja dà ti yí ọkọ̀ dà? Ìwọ lo yẹ kó o sọ fún un!

RUOLAN: Mo gbàgbé ni, mà. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa kí wọn. Mo kọ́ ọ pé kó rẹ kọ́ọ̀bù ẹ̀ sílẹ̀ sí ti Bàbá tí wọ́n bá fẹ́ mutí. Ẹja ni mo gbàgbé.

ÌYÁ: Bàbá ẹ rọra fi igi ìjẹun lélẹ̀, ó ní òun ń lọ wo ojú ọjọ́. Ojú ọjọ́ tí ò ṣe nǹkan kan! Ó wò ó títí àlejò fi lọ.

RUOLAN: Màámi, obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ kí n fi orúkọ gbogbo wa ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán òní. Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn Hao? Ọkọ̀ yìí la fẹ́ fi ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́! Wọ́n á ti Shanxi wá, wọn ò ní í rí bàbá ìyàwó. Wọ́n á ní kò fún àwọn lọ́mọ ni.

ÌYÁ: Bí mo ṣe sọ fún un gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ lọ, òun ṣáà ò ní í bá wọn dórí omi.

RUOLAN: Ẹ fún wọn ní fóònù.

ÌYÁ: Ó ní òun ò sí nílé.

[Ikọ́. Ẹni tí kò sí nílé ló ń wúkọ́.]

RUOLAN: Mò ń gbọ́ ọ, Màámi!

ÌYÁ: Gbà, Shunjiang. Ọmọ ẹ ni, kò ní í bù ọ́ jẹ.

BÀBÁ: Ruolan.

RUOLAN: Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Jiming ò—

BÀBÁ: Ta ló ń bínú? Ọmọ dáadáa ni. Kó ṣáà má bá mi wọ ọkọ̀ kan náà.

RUOLAN: Bàbá, ọkọ̀ alájà mẹ́fà ni. Irin ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n ń gẹrun nínú ẹ̀, wọ́n ń jó nínú ẹ̀. Kò lè r—

ÌYÁ: [Láti ọ̀ọ́kán] Ẹnu ẹ!

BÀBÁ: Tutọ́ dànù! Tutọ́ kíá!

RUOLAN: Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà, sà. Ibo ni kí n tutọ́ sí?

BÀBÁ: Áńkáṣíìfù ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta!

[Tú. Tú. Tú. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ béèrè bóyá ara Ruolan ò yá.]

RUOLAN: Ara mi yá, ẹ ṣeun. Bàbá, mo ti tutọ́. Tí Jiming bá wá bẹ̀ yín, tó fọwọ́ méjèèjì bu ọtí fún yín, ṣé ẹ máa wọkọ̀?

[Ìró àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀.]

RUOLAN: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Mo gbọ́.

RUOLAN: Kì í ṣe ẹja, Bàbá.

ÌYÁ: [Láti ọ̀ọ́kán] Mo sọ! Mo ní kì í ṣe ẹja!

BÀBÁ: Fengying, lọ wo ìkòkò ẹ.

ÌYÁ: Kò sí ìkòkò lórí iná.

BÀBÁ: Lọ gbé e ka iná. Ruolan, kí lẹ fẹ́ kí n lọ wò? Ìlú wa àtijọ́ wà nísàlẹ̀ omi látìgbà tí ìjọba ti sé odò náà. Ilé wa, àtẹ̀gùn tó lọ sí èbúté, igi ọsàn ìyá mi, omi gun gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Fèrèsé ilé tuntun yìí kọjú sí omi, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i. O wá ní kí n jókòó sórí àga, kí n máa mu tíì, kí wọ́n gbé mi kọjá lórí ilé ìdáná ìyá mi bí arìnrìn-àjò. Ó ń dùn mí. Mo ti sọ ọ́. Ó ń dùn mí gan-an.

[Ọkọ̀ wọ ihò òkè, ó jáde. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó pẹ́.]

RUOLAN: Bàbá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?

BÀBÁ: Mo wà.

RUOLAN: Ẹ̀yìn Màámi ni mo wà nígbà tá a kó kúrò níbẹ̀. Mi ò rántí nǹkan kan. Jiming bi mí pé ibo ni wọ́n bí mi sí, mo nawọ́ sí omi. Ó ní, apá ibo nínú omi? Mi ò mọ̀. Ó wá dà bíi pé irọ́ ni mò ń pa. Bàbá, ojú tì mí. Mo gba ọkọ̀ yìí kí ẹni tó mọ ibẹ̀ lè bá wa nawọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá kọ̀yìn sí i, tèmi ti sọnù nìyẹn.

BÀBÁ: O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

RUOLAN: Ẹ kì í jẹ́ ká sọ ọ́, sà.

[Ikọ́.]

BÀBÁ: Ìgbà wo lọkọ̀ yẹn máa kọjá níbí?

RUOLAN: Ọ̀sán ni, sà. Gbogbo ẹ̀ máa hàn kedere.

BÀBÁ: Àwọn yàrá yín, apá òsì ni àbí apá ọ̀tún?

RUOLAN: Apá... mi ò béèrè.

BÀBÁ: O gba yàrá nínú ọkọ̀, o ò béèrè apá! Ṣé ọmọ mi ni ẹ́ ṣá? Téèyàn bá ń bá omi lọ, apá òsì nilé wa wà. Lápá ọ̀tún, kí lẹ fẹ́ wò? Ewúrẹ́? Pe obìnrin yẹn báyìí. Ní kó fi gbogbo wa sápá òsì.

ÌYÁ: Ó ní gbogbo wa! Ruolan, ṣé o gbọ́ mi? Ó ní gbogbo wa!

BÀBÁ: Fengying, etí mi rèé o!

RUOLAN: [Ẹ̀rín pọ̀ mọ́ ẹkún] Mo gbọ́, Màámi. Bàbá, Jiming ńkọ́?

BÀBÁ: Kó jókòó tì mí. Tí wọ́n bá gbé ẹja wá, kó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, èmi ni màá máa bù fún un jẹ.

ÌYÁ: Níbo ni mo kó ṣòkòtò ẹ sí báyìí? Ìgò ata náà á di mẹ́rin padà o!

RUOLAN: Ẹ kó márùn-ún, mà! Bàbá, kí n fi orúkọ yín sí i?

BÀBÁ: Fi sí i. Àtẹ̀gùn yẹn, Ruolan, láti etí omi ló gùn dé ẹnu ọ̀nà wa. Tí mo bá ń tukọ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, ìyá mi á ti rí mi kí n tó rí i, á ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi. Mi ò mọ bó ṣe ń dá ọkọ̀ mi mọ̀ láàárín gbogbo ọkọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kan mo bi í, ó ní—

RUOLAN: Bàbá, ẹ dúró! Mò ń rí ihò òkè tó gùn jù lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ má tíì sọ ọ́ tán!

BÀBÁ: Tán kẹ̀? Láti Wushan títí ọkọ̀ á fi já wa sílẹ̀ ní Zigui ni màá fi sọ ọ́, ọmọ mi, kò sì ní í t—

[Ìpè já.]