Omi Láfún Tí Mo Dà Sínú Kòtò Òjò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹrù sí mi láyà. Mi ò lè gbé e mọ́, torí wọ́n fẹ́ tú ìgbéyàwó kan ká nítorí ohun tí mo fọwọ́ mi ṣe.

Ìdèrè ni mò ń gbé, láfún ni mò ń ṣe tà. Nígbà tí kànga wa ń gbẹ lọ́dọọdún, àwọn kan mú ètò wá. Wọ́n ní ẹni tó bá gbẹ́ kòtò, tó kó òkúta sí i, kí omi òjò lè máa rì sílẹ̀ dípò kó ṣàn lọ, àwọn á fún un ní páànù tuntun. Mo gbẹ́ tèmi, wọ́n sì kan páànù fún mi.

Kòtò náà ṣiṣẹ́. Kànga Màmá Rasaki, aládùúgbò mi tó wà nísàlẹ̀, kò gbẹ lọ́dún yẹn.

Àmọ́ omi ẹ̀gẹ́ tí a bá rẹ, inú igbó la máa ń rù ú lọ dà sí. Ó wúwo, ẹ̀yìn sì ń dùn mí. Mo rí bí kòtò yẹn ṣe ń fa omi, mo ní ṣebí ilẹ̀ ló ń gbé e mì. Ni mo bá ń dà á síbẹ̀. Ìmẹ́lẹ́ ló ṣe mí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìkà.

Kò pẹ́ tí kànga Màmá Rasaki fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, omi rẹ̀ sì kan. Wọ́n ní Kudirat, ìyàwó Rasaki, ló ń fi korobá tó fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fa omi nínú kànga. Kudirat búra títí pé òun kọ́. Màmá wá yíjú sí mi.

"Ìyá Bọ̀dé, ìwọ tó mọ láfún, ṣé òórùn láfún kọ́ nìyí?"

Mo ní, "Òórùn láfún ni, Mà."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Wọ́n dá Kudirat padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Èrúwà.

Mo ti jáwọ́ nínú dída omi ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, àmọ́ kànga ò tíì mọ́. Mò ń sọ fún ara mi pé bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní kòtò ló ń ba kànga jẹ́, gbogbo ilé tó gbẹ́ ẹ ni yóò dí tiwọn, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà á tún lọ. Àwáwí ni. Ojú ló ń tì mí.

Nísinsìnyí, abẹ́ páànù mi ni Màmá ti ń bu omi òjò mu. Bó bá gbé korobá rẹ̀ rù, á ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n rí aburú. Mi ò lè ṣe àmín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Màmá ni àbí Kudirat?