Èèyàn Márùn-ún Nínú Yàrá Ẹnìkan

Nínú rélùwéè tó ń ti Richardson bọ̀ wá sí àárín Dallas láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan àti nọ́ọ̀sì kan tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n jókòó síwájú mi, wọn ò mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì tí ibi iṣẹ́ fi rán mi lọ sí Delhi, èéfín ni mò ń mí símú. Tí mo bá fi áńkáṣíìfù funfun nu imú, dúdú ló ń jáde. Pàǹtírí ńkọ́? Ó ga ju ilé lọ! Mo ní àwọn èèyàn yìí ò mọ ìmọ́tótó rárá.”

“Ìwọ wá mọ̀ ọ́n?”

“Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀. Bàbá kan ló ń kó ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní hòtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kẹta, ó wo àpò ìdọ̀tí tèmi, ó ní, ‘Ọ̀gá, èèyàn mélòó lẹ wà níbí?’”

Obìnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín. “Kí lo sọ?”

“Ike omi àti ike oúnjẹ ló kún inú àpò náà bámúbámú. Ojú tì mí. Mo ní a pé márùn-ún.”

“Márùn-ún! Ìwọ nìkan ṣoṣo!”

“Àánú wa ṣe bàbá náà. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìbòmú márùn-ún wá nítorí èéfín, ó ní kí n pín in fún àwọn yòókù.”

“O gbà á?”

“Mo gbà á, ẹ̀gbọ́n. Mo tún bá àwọn yòókù dúpẹ́.”