Bàálù Tó Bà Sórí Títì Tí A Ń Sá Láfún Sí

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbé. Ọba tó ń gba ẹjọ́ aláìlẹ́nu rò, mo wólẹ̀ fún ọ. Ẹ̀yin ará, ẹ̀wọ̀n ló yẹ kí Ìyá Fẹ́mi wà lónìí, àmọ́ èmi náà rèé, mo dúró níwájú yín.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi. Láfún ni mò ń ṣe ní Lálùpọn níbí. Láti ayé ìyá wa, etí títì ọ̀dà la ti ń sá a, torí ọ̀dà máa ń gbóná, láfún á sì tètè gbẹ. Kò sẹ́ni tó bá wa wí rí.

Káyọ̀dé àbúrò mi ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Láfún yìí náà ni mo fi rán an níléèwé títí tó fi di ẹni tó ń wa bàálù, bàálù kékeré kan báyìí, ti bàbá olóko kan tó ń sin adìyẹ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e kọjá lórí ilé wa, mo sunkún ayọ̀. Ó pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín o. Láfún yín ni mo fi dá ibẹ̀ mọ̀, ó funfun báláú. Tí mo bá ti ń kọjá, màá máa wálẹ̀ kí yín."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe. Tó bá ti ń bọ̀, á rọ bàálù wálẹ̀ débi pé imọ̀ ọ̀pẹ á máa mì. Àwa náà á já sójú títì, a ó tú gèlè, a ó máa jù ú sí i. Ìyá Àdùkẹ́, tá a jọ ń sá láfún, kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ẹ sọ fún àbúrò yín kó rọra. Bàálù kì í ṣe kẹ̀kẹ́ o." Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kò sí ewu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a tún gbọ́ ìró rẹ̀. Ó yí wa po, ó tún yí wa po, àwa ń ju gèlè. Àfi bí ìró náà ṣe dákẹ́. Bàálù kọjú sí wa gangan lórí títì, kò sì sẹ́ni tó sá nínú wa. A ṣebí ó ń kí wa ni. Ìyá Àdùkẹ́ ló pe Jésù, tó wọ́ mi sínú kòtò. Táyà gba orí láfún mi kọjá, bàálù yà bàrá, ó lọ já sínú oko àgbàdo. Kò sẹ́ni tó kú. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Mo sáré lọ, mò ń pe orúkọ rẹ̀, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Káyọ̀dé jáde, bàbá olóko tí wọ́n jọ wà nínú bàálù náà jáde, orí bàbá ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ tí mo pọ̀n sọ. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì ló kú. Ǹ bá bà sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, àwọn obìnrin yìí ló fi láfún dí títì, wọ́n tún ń ju aṣọ sí mi."

Ọlọ́pàá kan nawọ́ sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ màmá yìí ni? Wọ́n ń pe orúkọ yín."

Káyọ̀dé wo ojú mi. Ó ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n rí."

Ó tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi nínú irọ́ náà. Ó dùn mí, ẹ̀yin ará. Ó ṣì ń dùn mí.

Láfún tèmi ni táyà gbà kọjá, èmi ni wọ́n mú lọ sí àgọ́ wọn. Ọ̀gá wọn ní, "Màmá, ilé ẹjọ́ la ń gbé yín lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni." Ọkọ mi lọ bẹ Káyọ̀dé. Ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, tí mo bá ní ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n á mọ̀ pé eré ni mò ń ṣe, mi ò sì ní í wa bàálù mọ́ láyé. Ẹ ní kí wọ́n fara dà á. Obìnrin ni wọ́n, adájọ́ á ṣàánú wọn." Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́. Mi ò lè gbàdúrà níbi tí mo wà. Tí mo bá la ẹnu, orúkọ rẹ̀ ló ń jáde. Ẹ̀yin lẹ wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn àgọ́, tí ẹ bá mi gbàdúrà.

Ọlọ́run dáhùn. Bàbá olóko kúrò nílé ìwòsàn, àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà lọ tààrà, tòun ti báńdéèjì lórí. Ó ní, "Ẹ tú màmá yìí sílẹ̀. Kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo sọ fún ọmọ náà pé epo ti ń lọ, ká máa lọ. Ó ní kí n jẹ́ kóun kí ẹ̀gbọ́n òun tó tọ́ òun dàgbà, pé àwọn ló ń sá láfún nísàlẹ̀ yẹn. Ó ń yí po títí epo fi tán. Èmi ò mọ màmá yìí rí o, ṣùgbọ́n mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni parọ́ mọ́ wọn."

Ọ̀gá ọlọ́pàá dìde, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, màmá. Ẹ má bínú." Ẹ bá mi kí Jésù kú iṣẹ́!

Wọ́n ti gba bàálù lọ́wọ́ Káyọ̀dé. Ó ń rán èèyàn wá bẹ̀ mí, òun fúnra rẹ̀ ò tíì wá. Mi ò ní í parọ́ níwájú pẹpẹ: mi ò tíì dárí jì í tán. Ẹ máa bá mi gbàdúrà sí i. Inú àgbàlá la ti ń sá láfún báyìí, lórí tapolí. Tí bàálù bá dún, àwọn obìnrin tó kù á sá wọlé. Ọwọ́ tèmi á ti lọ síbi gèlè kí n tó rántí.

Ẹ̀yin tí ẹni yín ti sẹ́ yín, ẹ má kúrò lẹ́yìn Ọlọ́run. Ẹ má wulẹ̀ máa wo ibi tí ìrànlọ́wọ́ á ti wá. Ọmọ tí mo pọ̀n ní òun ò mọ̀ mí rí. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí ni Olúwa fi tú mi sílẹ̀. Mo dúpẹ́, Baba.