Àwọn Obìnrin Sanson Tí Mo Ní Ara Wọn Ti Yá

Roukaya àbúrò mi, àti ẹ̀yin Alidou ọkọ rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àlá tí kì í jẹ́ kí n jí dáadáa. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, ó lè pẹ́ jù fún Roukaya.

Ẹ mọ̀ pé èmi Hakim ni mo bá ilé ìwòsàn ṣe ìwádìí lórí àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ mú lẹ́nu ilé-ọmọ. Ìtọ́jú méjì ni wọ́n ń fi wéra: èyí tó gùn, tí wọ́n ń lọ gbà ní Kútọnu, àti èyí tó kúrú, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tó kúrú náà ń wo èèyàn sàn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gun alùpùpù lọ sí abúlé Goro àti Sanson, kí n bi àwọn tó gba èyí tó kúrú léèrè bí ara wọn ti rí. Ẹ sì mọ ìwà wa níbí. Ẹni tó ń kú lọ, bí èèyàn bá kí i pé ara ńkọ́, á ní a dúpẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ n kì í sọ̀ kalẹ̀. Mo ń kí wọn láti orí alùpùpù, wọ́n ń dúpẹ́, mo sì ń kọ ọ́ pé ara ti yá. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ kí n pe ara mi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀lẹ nìkan ì bá sàn. Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, kùrukùru bo Sanson, òdòdó kajú ń ta sánsán, ohùn àwọn èèyàn sì ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ìyàwó kékeré kan, Mounifatou, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán, tẹ̀ lé mi jáde nínú kùrukùru náà, ó di alùpùpù mi mú.

“Tonton, nítorí ìyá ọkọ mi tó wà níbẹ̀ ni mo ṣe ní a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Ẹ bá mi sọ fún dókítà.”

Mo ní, “D'accord, n ó sọ fún un.”

N kò sọ. Wọ́n ti ní bí èyí tó kúrú bá dára, wọn yóò gbé e wá sí Tchaourou níbí, obìnrin wa kankan kò sì ní sun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn Kútọnu mọ́. Mo ti ń rí ilé ìwòsàn tuntun kan lójú àlá ọ̀sán, ó funfun létí ojú irin, orúkọ mi sì wà lẹ́nu gbogbo ìlú. N kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan ba àlá náà jẹ́. Ẹ ò rí ìkà? Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sin Mounifatou.

Ìwádìí jáde, wọ́n yìn ín, wọ́n gbé ìtọ́jú náà wá. Roukaya, òun ni wọ́n fún ọ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí jẹjẹrẹ náà mú ọ. Èmi fúnra mi ni mo gbé ọ lọ.

Lánàá, mo jẹ́wọ́ fún Dókítà Waliath tó darí ìwádìí náà. Ó ní, “A ó pe gbogbo àwọn tó gba ìtọ́jú náà padà. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé yín.”

Roukaya, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọlé ni ọwọ́ rẹ kò ti kúrò ní ìbàdí. Alidou, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta fún wa díẹ̀. Roukaya, níbo ló ń dùn ọ́?