Ẹkùn Tí Wọ́n Sọ ní Orozimbo

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàbá Ludgero. Ẹ gbé ife tereré tí ẹ ń mu yẹn kalẹ̀ ná kí ẹ gbọ́ mi, nítorí tí mo bá kúrò níwájú yín lónìí tí ọ̀rọ̀ yìí ò yanjú, ọ̀dọ̀ àlùfáà ló kù tí màá gbé e lọ, ọmọ yín ni màá sì dárúkọ níbẹ̀. Cleomar ni mo ń wí. Ọmọ tí mo kọ́ ní ọkọ̀ wíwà lórí odò yìí, tí mo fi ipasẹ̀ ẹkùn hàn nínú ẹrẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ti ajá, tó wá di afinimọ̀nà lónìí, tó ń bá àwọn àlejò sọ èdè mẹ́ta, òun ló mú Orozimbo, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ó lọ fi sọ ẹranko.

Ẹ ní ó fi bu ọlá fún mi ni. Òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọlá yẹn fojú mi rí.

Ẹ̀yin náà mọ òfin wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹkùn tuntun ló ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò iwájú orí rẹ̀, wọ́n á gbé e wé àwọn tó wà nínú ìwé, tí tó-tò-tó ara rẹ̀ ò bá ti jọ ti ẹnikẹ́ni, ẹni tó rí i á sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ni mo rí eléyìí. Àlejò mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti pa ẹ́ńjìnnì, omi ń gbé wa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ igi, ni mo rí ìrù. Ìrù lásán. Mo ní kí wọ́n má mira. Akọ ńlá kan ló nà gbalaja sórí iyanrìn, ikùn rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ bí àpò ìrẹsì, abo kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Pérola. Méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Bàbá. Màmá arúgbó kan wà nínú àwọn àlejò yẹn, omi ń dà lójú rẹ̀, kámẹ́rà ń mì dirodiro lọ́rùn rẹ̀, kò rántí pé òun gbé e wá.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Mo pe Cleomar lórí rédíò ọkọ̀. Mo ní akọ tuntun ti dé o, kó bá mi pe àwọn ọkọ̀ yòókù, orúkọ rẹ̀ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Salustiano ni mo fẹ́ sọ ọ́, orúkọ bàbá mi, kí ariwo orúkọ náà má parẹ́ lórí omi. Mo bá pa rédíò tèmi, torí híhó rẹ̀ lè lé ẹranko. Cleomar ò dúró de ìrọ̀lẹ́. Ó wá, ó wo ikùn ẹranko yẹn, ó gbọ́ bó ṣe ń hanrun, ó ní orúkọ kan ṣoṣo ló yẹ ẹ́.

Ṣé ẹ mọ ibi tí rédíò kejì wà? Ilé ìdáná ilé àlejò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Dorvalina ìyàwó mi ló ń dáná níbẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá rèé. Ó ń họ ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́ ni ohùn ọmọ yín já wọlé. Ó ní, "Gbogbo ọkọ̀, ẹ gbọ́. Orozimbo wà lórí iyanrìn lẹ́yìn kọ́nà odò, òun àti Pérola. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà lórí ara wọn. Ojú ò tì wọ́n rárá. Ẹ tètè máa bọ̀ kí wọ́n tó wọgbó."

Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Mo ń dúró.

Èmi ò mọ nǹkan kan. Mo dé nírọ̀lẹ́, inú mi ń dùn, mo ń súfèé. Dorvalina ní níbo ni mo ti ń bọ̀. Mo ní etí odò. Ó ní kí ni mo ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀. Mo ní iṣẹ́ ni, àmọ́ irú iṣẹ́ yẹn kì í rẹni. Ó ní ta ni mo rí. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́, Bàbá, mo ní, "Pérola ni, ó tún ti lẹ́wà sí i."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ǹ bá mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó ṣan ọwọ́, ó ká aṣọ méjì sínú báàgì, ó sì bá ọkọ̀ tó kó ẹja lọ sí Poconé, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ àwọn alágbàfọ̀ ló sọ ohun tí Dorvalina gbọ́ lórí rédíò fún mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sùn síta nítorí ìjà rí. Mo jókòó sílé lọ́jọ́ náà, mo ń wo bàtà tó fi ń wọnú ilé ìdáná lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá, mi ò purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí.

Mo lọ bá wọn. Gbogbo afárá onígi ojú ọ̀nà yẹn ni mo gùn kọjá lórí alùpùpù, eruku bò mí débi tí ajá wọn ò fi dá mi mọ̀. Ìyá Perpétua, ìyá ìyàwó mi, ló jáde. Ẹ mọ obìnrin yẹn. Mo ní ìyá, ẹkùn ni o, ẹkùn ni wọ́n sọ ní orúkọ mi. Ó ní, "Ẹkùn, àbí? Ọkùnrin wo ló ṣe irú rẹ̀ rí tí kò sọ pé ẹranko ló gbé òun wọ̀? Ajá ni ọkọ tèmi pe tiẹ̀." Mo fi fọ́tò hàn án lórí fóònù. Ó súnmọ́ ọn, ó wò ó dáadáa, ó ní òun rí ẹkùn, òun ò rí orúkọ kankan lára rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n bá mi kálọ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Dorvalina yọjú láti inú ilé. Ìyá rẹ̀ ní fún un pé, "Lọ mú fìlà rẹ, a máa lọ. Tó bá purọ́, a ó jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn bọ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀. Ìyá jókòó síwájú pẹ̀lú agbòòrùn àti rósárì, Dorvalina jókòó sí àárín, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. A wá ẹranko yẹn kiri. Ọ̀nì la rí, ẹyẹ la rí, kapibára, eku odò tó tó ẹlẹ́dẹ̀, ń wẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn. Oòrùn gun orí wa. Ìyá ka rósárì tán, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń gbàdúrà fún. Mo fi Bẹ́nẹ́díìtì Mímọ́ búra, mo ti ń ronú bí mo ṣe máa fẹsẹ̀ rìn.

Ni rédíò bá sọ̀rọ̀. Cleomar ni. "Orozimbo ti bọ́ sómi. Orozimbo ń ṣọ́ ọ̀nì kan ní òdìkejì." Èmi rèé, ọwọ́ mi lórí ẹ́ńjìnnì, ara mi gbẹ. Dorvalina yíjú padà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń yẹ ẹja wò bóyá ó tutù. Ó nàka sí òdìkejì pé kí n máa lọ.

A bá a níbẹ̀. Ó ń yọ́ bọ̀ láàárín koríko, ejìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọkọ̀ bí mẹ́wàá dúró, ẹnikẹ́ni ò húkọ́. Ó fò. Ó tàsé ọ̀nì, ó fi ikùn lu omi, ó jáde pẹ̀lú ewé lórí, ó sì jókòó, ó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Ìyá Perpétua ní, "Ó jọ ìwọ gan-an."

Dorvalina ò rẹ́rìn-ín. Ó gbá etí ọkọ̀ mú, ó ń wò ó. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń dín ẹja fún àwọn tó ń ti òkèèrè wá wo nǹkan yìí. Ìwọ ń tu ọkọ̀ lọ lójoojúmọ́. O ò gbé mi wá rí."

Mo ní kó má bínú. Ó ní kí n má tíì tan ẹ́ńjìnnì, òun ò tíì wò ó tán. A wà níbẹ̀ títí ẹranko náà fi sùn.

Ó ti padà wálé, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń dáná. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń bá mi lọ sódò báyìí, ó ti ra awò tirẹ̀ tó fi ń wo òkèèrè. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn? Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mi ò wá pé kí Cleomar yí orúkọ ẹkùn padà. Dorvalina ò gbà. Ó ní ẹkùn náà dára, kó máa jẹ́ Orozimbo lọ. Pérola lòun ò fẹ́ gbọ́. Ó ní òun ò ní dúró nídìí ààrò kí wọ́n máa kéde lójoojúmọ́ pé Orozimbo sùn ti Pérola, Orozimbo ń tẹ̀lé Pérola. Ó ní tí wọn ò bá sọ abo yẹn ní Dorvalina, kí gbogbo ilé àlejò máa jẹ búrẹ́dì.

Mo ti fẹ́ wá bẹ̀ yín nítorí ìyẹn láti ọjọ́ Wẹ́sídeè. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín tún sọ lórí rédíò láàárọ̀ yìí. Ó ní Orozimbo ti fi Pérola sílẹ̀. Ó ní abo tuntun ló ń tẹ̀lé, ọmọdé, arẹwà, kò tíì lórúkọ.

Bàbá, ẹ bá mi pè é báyìí, kí ọkọ̀ àwọn àlejò tó padà sí èbúté. Ẹ sọ fún un pé Dorvalina ni Pérola. Dorvalina ni ọmọdé yẹn náà. Èyí tó bá sì tún bá lọ lọ́dún tó ń bọ̀, Dorvalina ni. Kó kọ gbogbo wọn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kó fi nọ́ńbà sí wọn tó bá wù ú, kí èmi lè rí oúnjẹ jẹ lálẹ́ òní.