Sítẹ́ríò Tó Ń Sọ Faransé Nílé Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀! Ọlọ́run tí kì í sùn, tí kì í tòògbé, mo dúpẹ́ o. Ẹni tí ilé ẹ̀ ì bá ti dàrú ló dúró síwájú yín yìí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ pariwo Halelúyà!

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń tún rédíò àti sítẹ́ríò ṣe nílùú Ìlaròó yìí. Kò sí èyí tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tí mi ò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Àfi ti ilé mi! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn Àjíǹde, mo lọ mú ìyá mi wá láti Òkè-Ọ̀dàn, torí pé orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Mo fún wọn ní yàrá ẹ̀yìn. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n dé tí sítẹ́ríò pálọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀, a ò yí i sí rédíò, a tiẹ̀ ti yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ẹ̀. Faransé ló sì ń sọ!

Ìyá mi ti nájà pẹ̀lú àwọn ará Benin fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbọ́ Faransé dáadáa. Tí ọkùnrin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á dá a lóhùn: "Wúì, mùsíé!" ìyẹn ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá!" Háà! Rónkẹ́ ìyàwó mi ò lè gbà á mọ́ra. Ó ní, "Dádì Tósìn, kí màmá yín tó dé, ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń sọ̀rọ̀? Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀? Àwọn aládùúgbò ti ń pè wọ́n ní àjẹ́ o."

Mo tú sítẹ́ríò. Mo nu inú ẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo ibi tó fẹ́ já. Bí mo ṣe tò ó padà, mùsíé tún bẹ̀rẹ̀! Mo tún tú u, ó kàn ń sọ̀rọ̀ ketekete sí i ni. Ojú tì mí.

Nígbà tó di Jímọ̀, Rónkẹ́ di ẹrù ẹ̀. Ó ní tí màmá ò bá padà sí Òkè-Ọ̀dàn ní Sátidé, òun ń lọ bá àwọn òbí òun ní Jóga. Ìyá mi gbọ́. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ìyàwó ẹ lọ o. Èmi ni kó o mú lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ta ni mo fẹ́ mú, ta ni mo fẹ́ fi sílẹ̀?

Mo wọ pálọ̀, mo kúnlẹ̀, mo dorí kodò. Mo ní, "Baba, ọgbọ́n mi ti pin. Má jẹ́ kí wọ́n pe ìyá tó bí mi ní àjẹ́." Mo sunkún. Nígbà tí mo lajú, ohun tó wà níwájú imú mi ni wáyà. Wáyà gígùn! Èmi fúnra mi ni mo fà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí ìyá mi dé, láti ara sítẹ́ríò dé yàrá ìyá mi, kí n lè gbé sípíkà kan síbẹ̀, kí wọ́n máa gbọ́ orin ìyìn lórí ibùsùn. Inú àpótí ni mo ń yẹ̀ wò ṣáá, mi ò wo ìta!

Mo já wáyà náà. Kẹ́kẹ́ pa. Mo dá a padà. Mùsíé dé! Mo ké, "Rónkẹ́, sáré wá!" Mo já a níṣojú ẹ̀, mo tún dá a padà. Wáyà yẹn ló di áńténà, tó ń fa rédíò àwọn ará Benin wọlé láti òdìkejì bọ́dà. Rónkẹ́ bi ìyá mi pé kí ni ọkùnrin náà ń sọ látọjọ́ yìí.

Ìyá mi ní, "Ó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹja. Kò mọ̀ ọ́n sè, òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Rónkẹ́ kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ wọn mú. Ìyá mi gbé e dìde. Wọ́n ní, "Dìde, jàre. Bó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà ì bá sá."

Ẹ̀yin ará, Sátidé tí ǹ bá mú ìyá mi lọ sí gáréèjì ti kọjá. Ìyá mi ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn. Gèlè tó wà lórí wọn, ìyàwó mi ló bá wọn wé e láàárọ̀ yìí. Màmá, ẹ dìde. Rónkẹ́, dìde. Ẹ wá bá wa jó o, ògo ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n pàdánù ọ̀kankan nínú wọn!